Bí Mo Ṣe Gbé Okùn Lẹ́yìn Milunka Olórin

Èmi Àkànbí ni mo kọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi Hamburger Hafen, èbúté ìlú Hamburg, bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kí n tó dé ibẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń ké bíi màlúù tí ebi ń pa, kálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gun òrùlé ilé ìkẹ́rùsí kan létí omi, mo mú ṣíbí ìdáná kan dání, mo fi lu páànù, mo ní, "Ohùn yìí ni kí gbogbo yín mú o!" Èyí tó ti China wá mú un, èyí tó ti Panama wá mú un. Milunka, obìnrin olórin ọmọ ilẹ̀ Serbia tí mo bá ṣiṣẹ́, gbé orin lé e, afẹ́fẹ́ sì dáwọ́ dúró kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń yí mi ká lẹ́yìn ìsìn ní Gesundbrunnen ní Berlin ni mo ń kọ èyí fún. Gbogbo ìgbà lẹ ń bi mí pé, "Bàbá, Ausbildung wo ni ká ṣe, iṣẹ́ wo ni ká kọ́? Ṣé ti kọ̀ǹpútà ni àbí ti ìtọ́jú arúgbó?" Mi ò mọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì ka ìkẹfà yẹn lẹ́ẹ̀mejì nítorí ó dùn mọ́ tíṣà láti máa rí ojú mi. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀, òun náà ni mo ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ títí wọ́n fi fún mi ní Rente, owó ìfẹ̀yìntì. Iṣẹ́ ohùn ni. Mo gbé okùn lẹ́yìn Milunka, mo yí bọ́tìnnì fún un, mo tẹ kọ̀ǹpútà fún un. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ ó mọ̀ bóyá irú iṣẹ́ tó ń gba gbogbo ayé ẹni bẹ́ẹ̀ wù yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Milunka jẹ́. Abúlé kan létí odò ní Serbia ni wọ́n bí i sí. Ó dé Berlin lọ́mọdébìnrin, ó ń bá wọn ṣe gílóòbù iná ní iléeṣẹ́ kan. Inú ilé tí iléeṣẹ́ kó àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin sí ló ti ń kọrin, tó bá ń fọṣọ nílé ìdáná. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Zivan, ọmọ ìlú rẹ̀, tó ń lu akọ́díọ̀nù, dùùrù tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà tí wọ́n ń fà bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fín ewìrì. Zivan gbọ́ orin náà láti ìta, lábẹ́ fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀ títí aṣọ fi gbẹ. Ó fẹ́ ẹ. Ó kọ orin kan fún un nípa obìnrin tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi létí odò. Orin yẹn ló sọ ọ́ di Milunka tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn ará Serbia, ará Bosnia, ará Croatia, gbogbo wọn ṣì jẹ́ ará orílẹ̀-èdè kan nígbà yẹn, kò sì sí mọ́tò wọn kan ní Berlin tàbí Hamburg tí ẹ ó wọ̀ tí ẹ ò ní bá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níbẹ̀.

Èmi ń gbé ẹrù ní èbúté Hamburg ní tèmi. Wọ́n ní kí n bá wọn gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọ gbọ̀ngàn kan, Zivan wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ òpó iná yìí, di okùn yìí mú." Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn, tí mo sì bá wọn kó lọ sí Berlin. Owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ó tó jẹun, kò tó fi yangàn.

Iṣẹ́ okùn, ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, olórin kì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ orin á pè é, á dárúkọ orin tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, olórin á rìn dé ìdí tábìlì rẹ̀, á kọ ọ́ sí i létí bí ẹni ń sọ àṣírí. Onítọ̀hún á sunkún, á yọ owó, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ alákọ́díọ̀nù níwájú orí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ńṣe ni mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní àṣé a ní ẹbí níbí! Ṣùgbọ́n maikirofóònù ayé ìgbà yẹn ní okùn gígùn nídìí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tọ obìnrin náà lẹ́yìn láàárín àga àti ìgò ọtí, kí okùn má baà fà á lọ́rùn, kí ó má baà gbá ife ẹnikẹ́ni lulẹ̀. Èmi lẹni yẹn. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ni mo ń kà. Tí tòsì bá gbéra díẹ̀, ó fẹ́ yí padà. Tí méjèèjì bá dúró ṣinṣin, ẹni tó ń kọrin fún ti ń sunkún nìyẹn, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu.

Zivan ló kọ́ mi. Ọkùnrin náà kì í pariwo. Ì bá sàn kó máa pariwo. Á ní kí n dijú, kí n ká okùn. Tí mo bá ká a tán, á gbé e sétí.

"Kí lo gbọ́ níbẹ̀?"

"Ọ̀gá, okùn ni. Okùn kì í sọ̀rọ̀."

Á jù ú sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Àjà kẹrin la sì wà. Màá lọ gbé e wá, màá tún un ká.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ọ̀gá."

"Ó dáa. Ibi tó ti lọ́ nìyẹn. Tú u."

Nígbà òtútù, ó mú ajá rẹ̀ jáde sí àgbàlá nínú yìnyín, ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní kí n máa tẹ̀ lé e. Ajá ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ohunkóhun wà lọ́rùn òun. Tó bá bojú wẹ̀yìn pẹ́nrẹ́n, a ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹsẹ̀ mi kú, imú mi dì, mo ṣì ń tẹ̀ lé ajá. Ọjọ́ tí ajá náà rìn yí àgbàlá ká tí kò wẹ̀yìn, Zivan fún mi ní ọtí kan tó gbóná débi pé irùngbọ̀n mi tó dúdú funfun lójú ẹsẹ̀. Ìdí tí mo fi tètè hewú nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́sẹ̀, ò fara mọ́ ọn. Ó ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, tí àwọn ará ilé bá bi mí níṣẹ́ yín, kí n ní ajá lẹ ń tẹ̀ lé àbí obìnrin?"

Mo ní, "Sọ fún wọn pé iṣẹ́ iná mànàmáná ni."

"Iná mànàmáná tó wọ bàtà gogoro! Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ṣùgbọ́n ó wá wo Milunka lọ́jọ́ kan. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú orin náà, ó sì fi gèlè nu ojú títí ilé. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé sílé wọn. Berlin la wà, a ò gbọ́ ìró ìbọn kankan, ṣùgbọ́n mo rí ogun náà láti ẹ̀yìn okùn mi. Àwọn tó ń jẹun lórí tábìlì kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ní igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ṣe, apá kan ò wá mọ́. Bàbá kan wà ní Hamburg, ará Bosnia, kí ìlú wọn tó fọ́ kò sí ìgbà tí a débẹ̀ tí kò ní ká kọ orin obìnrin létí odò yẹn fún òun. Ó wá lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

Milunka ní, "Wọlé wá, òtútù wà níta."

Ó ní, "Milunka, mi ò lè bá àwọn wọ̀nyí jókòó mọ́. Ìwọ náà mọ̀."

"Orin rẹ ńkọ́?"

Milunka rìn lọ bá a. Okùn mi tán kó tó débẹ̀, mo nà tantan, kò tó. Ó gbé maikirofóònù lé mi lọ́wọ́, ó sì fi ẹnu lásán kọ orin náà fún un lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ̀fúùfù ń gbé e lọ. Bàbá náà ṣí fìlà, ó tẹrí ba, ó sì lọ. A ò rí i mọ́. Nígbà tí Milunka padà sínú gbọ̀ngàn, àwọn kan ti yí àga wọn padà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, nítorí ẹni tó kọrin fún. Ó ṣì kọrin fún àwọn náà. Iṣẹ́ ni.

Maikirofóònù aláìlókùn dé. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀, èmi ń wo ọwọ́ mi. Zivan ló mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn pọ̀, ó ní, "Jókòó. O ti mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wá mọ ọ̀fun rẹ̀." Ìyà ajá tún bẹ̀rẹ̀, mi ò ní fi í dà yín láàmú. Mo mọ̀ ọ́n débi pé tí Milunka bá mu omi tútù ní Berlin, mo ti mọ̀ ní Hamburg.

Kọ̀ǹpútà àgbélétan ló bà wá jẹ́. Ọ̀pọ̀ onílé ijó ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ò fẹ́ ẹgbẹ́ olórin mọ́, wọ́n fẹ́ Milunka nìkan àti kọ̀ǹpútà tí yóò máa dún lẹ́yìn rẹ̀. Onígìtá lọ wa takisí. Onílù lọ sí Vienna. Ó ku Zivan. A jókòó ní ilé ìdáná wọn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Zivan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àkànbí, gbé ẹ̀rọ rẹ wá. Gba ohùn akọ́díọ̀nù mi sílẹ̀."

Milunka ní, "Rárá."

Ó ní, "Ṣé kó wá jẹ́ pé irọ́ akọ́díọ̀nù ni yóò máa dún lẹ́yìn ìyàwó mi? Tí wọ́n bá máa fi nǹkan rọ́pò mi, èmi ni kí wọ́n fi rọ́pò mi."

Ó lu gbogbo orin wọn pátá. Kò gbà kí n gé ohunkóhun kúrò. Kí ìlà orin tó bẹ̀rẹ̀, Zivan máa ń mí, èémí gígùn kan báyìí láti imú, òun ni Milunka fi ń mọ̀ pé ó ti yá. Mo fẹ́ pa èémí náà rẹ́, kí ó lè mọ́. Ó gbá mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe dàgbà tó, ó gbá mi lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, Zivan á wà nínú mọ́tò níta, á wọ kóòtù, á máa gbọ́ ara rẹ̀ láti inú gbọ̀ngàn. Tí a bá jáde, á ní, "Mo yára jù lórí orin kẹta." Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wá rẹ̀ ẹ́, kò bá wa jáde mọ́. Ó sùn lọ́jọ́ kan, kò jí. Ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin ín, a ní òde. Mo tẹ kọ̀ǹpútà. Zivan mí. Milunka kọrin. Báyìí la ṣe ń bá òkú ṣiṣẹ́ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú àwọn tó ń jó.

Ó kù díẹ̀ kí a wọ ọdún 2020 ni ọ̀fun Milunka bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó ní òtútù ni. Ó mu oyin, ó mu ewé, ó mu ohun tí Ìyá Bọ́sẹ̀ sè fún un. Dókítà wá sọ ọ́ fún un pé nǹkan burúkú ti hù síbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ gbogbo àpótí ohùn náà. Yóò yè é. Kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ bí ènìyàn, áńbọ̀sì orin.

Ó pè mí wá sílé. Ó ní, "Àkànbí, orin kan péré. Orin Zivan. Bá mi wá ibi tí mo lè kọ ọ́ tán. Tí mo bá ti kọ ọ́ dé òpin, wọ́n lè wá mú ohùn náà lọ."

Mo ní, "Màdáàmù, ohùn yín ti ìgbà ọ̀dọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi í sábẹ́ tiyín. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ó wò mí. "Ọ̀dọ́bìnrin yẹn ti kọ tirẹ̀ tán nígbà tirẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ kọ ọ́."

Gbọ̀ngàn kan ní Billstedt ní Hamburg la rí. Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sán gangan, kọfí àti kéèkì, nítorí àwọn tó ń wá wò ó ti di arúgbó. Ẹ bá rí Rollator, kẹ̀kẹ́ tí arúgbó fi ń ti ara rìn, tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà bíi mọ́tò níwájú ilé ìgbéyàwó! Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, mo yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò, mi ò jẹun. Milunka wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kan tó ti tóbi jù fún un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìdágbére ni. Ó ní tí wọ́n bá mọ̀, wọn á fi àánú gbọ́ ọ, òun kò fẹ́ àánú.

Mo tẹ kọ̀ǹpútà. Zivan mí. Milunka gbé orin.

Ìlà kìíní dára. Ó há díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára, àwọn arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ó mú ìlà kejì débi tí obìnrin inú orin ti rí ọkọ̀ lókèèrè, ó nílò èémí, èémí ò wá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Alákọ́díọ̀nù tó wà láàyè, ojú olórin ló ń wò. Tí olórin bá dákẹ́, á padà sẹ́yìn, á tún ibẹ̀ yí po, á dúró dè é, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ṣe. Mo ti rí i tí Zivan dúró de Milunka bẹ́ẹ̀ títí ó fi mu omi tán. Zivan inú kọ̀ǹpútà ò dúró. Ó ń bá tirẹ̀ lọ, ó dùn, ó já geere. Ọkọ rẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kejì lójú mi.

Milunka yí padà. Kì í ṣe èmi ló wò, kọ̀ǹpútà ló wò. Ó ní, "Zivan, dúró dè mí."

Maikirofóònù gbé e, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Mo pa ẹ̀rọ.

Nígbà náà ni bàbá arúgbó kan dìde nídìí tábìlì ẹ̀yìn, ó di Rollator rẹ̀ mú, ó gbé orin náà láti ibi tí Milunka ti já a. Obìnrin kan bá a gbè é. Ẹlòmíràn dìde. Kó tó di pé mo mọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ti dúró, ará Serbia, ará Bosnia, ará Croatia, gbogbo wọn ń kọ ọ́ fún un, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, ohùn wọn ò gbọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ dé ibi tí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, tí obìnrin náà ti rí ẹni tó ń dúró dè. Milunka dúró láàárín wọn, ó ń fi ọwọ́ darí wọn, orin náà sì parí.

Ẹ̀yin ọmọ, láti ibi tí bàbá yẹn ti dìde, èmi ni mo dá a. Kò sí bàbá kankan. Ẹnikẹ́ni ò kọrin. Mo ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì ti sọ ọ́ débi pé mo mọ àwọ̀ fìlà bàbá náà, ṣùgbọ́n kò sí.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé gbogbo ènìyàn dákẹ́. Ẹnì kan ń fi ṣíbí ro kọfí rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Milunka tún ẹnu là, ó gbìyànjú ibẹ̀, kò wá. Ó tún gbìyànjú rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú, pé òtútù ló mú òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀, pàtẹ́wọ́ tí ènìyàn ń pa fún ọmọ ilé ìwé. Ó gbé maikirofóònù sórí tábìlì, ó bọ́ sẹ́yìn, ó wọ kóòtù. Mo ká okùn iná, mo pa kọ̀ǹpútà dé. Orin náà ò parí.

A dúró ní ìdíkọ̀ U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀, ní Billstedt, a ń retí ọkọ̀. Ó tẹjú mọ́ ojú irin. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ kéèkì kan tó fi bébà wé, ó nà án sí mi.

Ó ní, "Àkànbí, gbà, jẹ ẹ́. O ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀."

Ọkọ̀ dé. A lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ńlá láàárín ìlú, ó sùn nínú rẹ̀ títí a fi dé Berlin, tàbí kó jẹ́ pé ó dijú ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó yè é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kéèkì yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn láti inú ohùn Milunka.